Fíìmù ò wù wọ́n wò lórí tẹlifíṣọ̀n ínṣì 75: ohun tí mo bá ní pálọ̀ Alhaji

Alhaji ti gbé tẹlifíṣọ̀n ínṣì 75 kọ́ sára ògiri pálọ̀ wọn ní Akóbọ̀, ní Ìbàdàn, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ mi fún wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa pè mí, wọ́n ti ń bá ẹni tó tà á fún wọn sọ̀rọ̀ pé kó wá kó ẹrù rẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí ẹ̀rọ náà lọ́rùn pọ̀. Wọ́n ní fíìmù tí wọ́n náwó rẹpẹtẹ ṣe ń rí bí eré tí ọmọdé fi fóònù yà. Wọ́n ní tí ilẹ̀ bá ti ṣú nínú ìtàn, etí nìkan làwọn fi ń wò ó. Èyí tó wá ń bí wọn nínú jù ni pé ojú ẹ̀rọ náà a ṣàdédé ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì sí mẹ́ta, àwòrán àti ohùn á lọ, wọ́n á sì tún padà wá fúnra wọn.

Ẹni tó bá wọn so ó mọ́ ògiri ti dá ẹjọ́ náà: ó ní iná ni. Wọ́n ra sítébíláísà, kò gbọ́. Ó ní àfi kí wọ́n ra ìnfátà. Ibẹ̀ ni Alhaji ti yarí kanlẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni láti máa so tẹlifíṣọ̀n àti láti máa tò ó kí àwòrán rẹ̀ lè dára, mo sì ní èrò kan tí mo máa ń gbé wọ ilé oníbàárà. Ohun tó ń ba fíìmù jẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá kì í sábà jẹ́ ohun tí ẹ̀rọ náà ṣaláìní. Ohun tó ń fi kún àwòrán láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́ ni. Ti ilé Alhaji yẹ ní kíkọ sílẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tó máa ń ṣe tẹlifíṣọ̀n ńlá ló pé jọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan sì ń bo èkejì mọ́lẹ̀.

Iná ni mo kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Pátákó iná inú tẹlifíṣọ̀n òde òní máa ń gba iná láti bíi volt 100 títí dé 240, ìwọ̀n kan náà ló sì máa ń fún ojú àwòrán, ì báà jẹ́ NEPA ló wọlé, ì báà jẹ́ jẹnẹrétọ̀. Iná tó bá ya wọlé lójijì lè jó ẹ̀rọ pátápátá, nítorí náà owó sítébíláísà yẹn kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí iná bá já lóòótọ́, ẹ̀rọ á kú, tó bá sì tún tàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni: orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló máa kọ́kọ́ jáde kí ohunkóhun tó tẹ̀ lé e. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń rí orúkọ yẹn lẹ́yìn òkùnkùn náà. Wọ́n ní rárá.

Mo ní kí wọ́n fi fíìmù tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Ọmọ wọn ọkùnrin tó ń gbé ní London ló gbé ẹ̀rọ tó ń lo dísíìkì Ultra HD Blu-ray wá fún wọn nígbà tó wálé ọdún Iléyá, pẹ̀lú dísíìkì bíi mélòó kan. Irú dísíìkì yẹn kò mọ ààlà orílẹ̀-èdè. Èyí tí wọ́n rà ní London tàbí ní Amẹ́ríkà ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn láìsí wàhálà, kò rí bí DVD tí wọ́n pín ayé sí ẹkùn-ẹkùn fún. A jókòó, fíìmù ń lọ. Kò pẹ́ tí ojú ẹ̀rọ fi ṣókùnkùn. Rìmóòtù ti wà lọ́wọ́ mi. Mo tẹ mẹ́nù, mẹ́nù sì yọ kedere lórí òkùnkùn yẹn.

Ẹjọ́ iná parí síbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n tí mẹ́nù rẹ̀ ń jáde kò kú. Ohun tó yẹ kó gbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ dísíìkì ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo tọ wáyà lọ sẹ́yìn. Wáyà HDMI tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí wọ́n yọ lára dekódà àtijọ́. Mo tún wọ mẹ́nù ẹ̀rọ dísíìkì, mo bá a pé wọ́n ti tò ó kó máa gbé àwòrán 60 jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ohun yòówù kó wà lórí dísíìkì. Fíìmù 4K (àwòrán tó ní dọ́ọ̀tì bíi mílíọ̀nù 8) tó ní HDR (èyí tí ibi tó ń tàn àti ibi tó ṣú nínú rẹ̀ jìnnà síra ju ti àwòrán lásán lọ), tí wọ́n bá fipá gbé e dé 60 báyẹn, lè gba ọ̀nà tó ń gbé gígábíìtì 18 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Apá wáyà yẹn kò ká a. Ó ń gbé e, ó ń já a sílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ dísíìkì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ara wọn, àkókò tí wọ́n fi ń wá ara wọn náà sì ni òkùnkùn tí Alhaji ń rí.

Mo yí ẹ̀rọ dísíìkì sí 24, ìyẹn iye tí wọ́n fi ya fíìmù náà gan-an. Ẹrù tí wáyà ń gbé fúyẹ́ dé bí ìdajì, wáyà àtijọ́ yẹn kan náà sì gbé e débi tí òkùnkùn kò fi tún wáyé. Mo ṣì pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí wọ́n kọ Premium High Speed sí lára, nítorí pé àwọn ọmọ ilé náà fẹ́ so ẹ̀rọ géèmù mọ́ ọn láìpẹ́, géèmù á sì nílò 60. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ jẹ́ kí Alhaji wo fíìmù fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú wáyà àtijọ́, kí wọ́n lè rí i pé kì í ṣe ohun tí a rà ló tún un ṣe. Wọ́n wo sítébíláísà tó wà nílẹ̀, wọ́n mi orí, wọn ò sọ nǹkan kan.

Nọ́ńbà 24 yẹn ló mú wa dé ibi ẹ̀sùn pé fíìmù ń rí bí eré tí ọmọdé fi fóònù yà. Láti ìparí àwọn ọdún 1920, nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í ní ohùn, àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni sinimá ń lò, ibẹ̀ náà ló ṣì wà títí dòní. Ojú wa ti mọ ọ́n mọ́ ìtàn. Tẹlifíṣọ̀n tó bá ń tún ojú ara rẹ̀ ṣe nígbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kò lè pín 24 dọ́gba: yóò fi àwòrán kan hàn lẹ́ẹ̀mejì, yóò fi èyí tó tẹ̀ lé e hàn lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí kámẹ́rà bá ń rọra yí kọjá lórí ilé tàbí igbó, ẹ ó rí i pé ó ń ta gìẹ́gìẹ́. Ti Alhaji ń ṣe é nígbà 120, nítorí náà àwòrán kọ̀ọ̀kan ń gba ìgbà márùn-ún gẹ́gẹ́, kò sí ìjà. Ẹ̀rọ dísíìkì tó ń fipá sọ 24 di 60 ló ń fa ìta-gìẹ́gìẹ́ tiwọn; bí a ṣe fi í sí 24 báyìí, ó lọ pẹ̀lú òkùnkùn.

Ojú àwọn òṣèré ṣì ń yọ̀ mùrìn-ìn. Ìyẹn ti wá láti inú tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀. Ó ń wo àwòrán méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, ó ń méfò ohun tó yẹ kó wà láàárín wọn, ó ń ya ìyẹn fúnra rẹ̀, ó sì ń kì í bọ àárín. Àwòrán tí olùdarí fíìmù kò yà rí, tí kò sí kámẹ́rà tó rí i, ló pọ̀ jù nínú ohun tí Alhaji ń wò. Mo fi ibì kan hàn wọ́n nínú fíìmù náà, níbi tí ọkùnrin kan ti ń rìn kọjá níwájú ògiri onírin. Mo ní kí wọ́n má wo ọkùnrin náà, kí wọ́n wo àyíká orí rẹ̀. Àwọn irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń wó, wọ́n ń tẹ̀, wọ́n sì tún ń nà padà bó ṣe ń kọjá. Tẹlifíṣọ̀n kò mọ ibi tí orí parí sí àti ibi tí irin ti bẹ̀rẹ̀, ó kàn ń méfò ni.

Orúkọ tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ yàtọ̀. Lórí Samsung, ẹ wá a lábẹ́ Picture Clarity. Lórí LG, TruMotion. Lórí Sony, Motionflow. Àwọn tó ń ṣe fíìmù kórìíra rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òṣèré Tom Cruise àti olùdarí Christopher McQuarrie fi gbé fídíò jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, tí wọ́n ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n lọ pa á. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ẹgbẹ́ UHD Alliance, tí àwọn tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n àti àwọn tó ń ṣe fíìmù jọ wà nínú rẹ̀, kéde Filmmaker Mode: ẹ yan ohun kan ṣoṣo, ó pa ìméfò yẹn, ó pa mímú tí ẹ̀rọ ń fi kún etí àwòrán, ó fi àwọ̀ funfun sí ibi tó yẹ, ó sì fi fífẹ̀ àwòrán sílẹ̀ bí wọ́n ṣe yà á. Láti 2020 ló ti wà lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n. Ó wà lórí ti Alhaji. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ rí, Vivid ni wọ́n fi sí, nítorí pé Vivid ló ń tàn jù. Vivid kò sì burú níbi tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, ìyẹn inú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí tẹlifíṣọ̀n tò lọ bẹẹrẹ lábẹ́ iná funfun, tí èyí tó bá ń tàn jù ń pe oníbàárà. Fíìmù ni kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Mo tẹ Filmmaker Mode. Alhaja, tí wọ́n ti dákẹ́ láti ìgbà tí mo ti dé, fò dìde.

“Ọmọ mi, o ti bà á jẹ́ o! Ó ti pọ́n rúsúrúsú.”

Gbogbo ilé tí mo bá ti ṣe é ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì bá wọn jiyàn mọ́. Funfun tí Vivid ń lò ní búlúù nínú. Ojú tó bá ti mọ́ ọn lára á máa rí funfun gidi bí ohun tó pọ́n. Ìwọ̀n tí àwọn tó ń parí fíìmù ń lò ni D65, ó sún mọ́ 6500 Kelvin, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gangan. Mo bẹ Alhaja pé kí wọ́n fún ojú wọn láyè díẹ̀ kí wọ́n tó dájọ́.

Ẹni tó ń ta aṣọ òfì ní ọjà Ọjẹ́ ni wọ́n, wọn kò sì dúró de ojú kankan. Wọ́n wọlé lọ, wọ́n kó sányán àti ẹtù jáde, wọ́n ní kí n fi fíìmù Yorùbá kan sí i tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Wọ́n gbé sányán sí ẹ̀gbẹ́ ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní kí n máa yí i láti Vivid sí èkejì. Ní Vivid, sányán tó wà lára bàbá ìyàwó ti di yẹ́lò tó ń tan bí ìkéde. Ẹtù tó wà lára àwọn ẹbí ọkọ ti dúdú kirikiri, ìlà fínnífínní tó wà lára rẹ̀ ti rì. Ní Filmmaker Mode, aró padà sínú ẹtù, ìlà rẹ̀ sì ṣeé kà. Alhaja sún mọ́ ọn títí imú wọn fẹ́ẹ̀ kan dígí. “Ẹtù rèé,” ni wọ́n wí, wọ́n sì padà lọ jókòó.

Kì í ṣe báyẹn ni wọ́n ń wọn tẹlifíṣọ̀n, mo mọ̀. Ẹni tó ṣe fíìmù lè mọ̀ọ́mọ̀ yí àwọ̀ aṣọ padà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn àwọ̀ sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ kó rí géérégé. Ṣùgbọ́n mo fọkàn tán ojú tó ti ń yan aṣọ láti kékeré ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kọ sára páálí lọ. Ara àwọn òṣèré náà jẹ́rìí sí i. Ní Vivid, ara dúdú ń di àwọ̀ méjì péré, ibi tó ń dán àti ibi tó ṣú. Lẹ́yìn tí a yí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n àti abẹ́ ojú tún ní àwọ̀ tiwọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dá kámẹ́rà àwọn oníṣẹ́ fíìmù wa lẹ́bi fún ohun tí tẹlifíṣọ̀n wọn ń ṣe.

Mímú etí àwòrán, èyí tí mẹ́nù ń pè ní Sharpness, mo fà á wálẹ̀ nípa wíwo àwọn ọ̀rọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ fíìmù. Tí ẹ bá rí òjìji funfun yí lẹ́tà dúdú ká tàbí òjìji dúdú yí lẹ́tà funfun ká, ó ti pọ̀ jù. Lórí àwọn tẹlifíṣọ̀n kan, òdo ni ibi tí kò ti fi nǹkan kan kún un; lórí òmíràn, bíi ti Sony, àárín, ní 50, ni. Ẹ máa wo lẹ́tà, ẹ má wo nọ́ńbà.

Ẹ̀sùn òkùnkùn inú ìtàn ló gba ọgbọ́n jù. Nígbà tí a kúrò lórí fíìmù Yorùbá, tí a padà sórí dísíìkì, ohun gbogbo tí mo ti tò pòórá. Vivid ti padà, ìméfò ti padà. Alhaji ní ṣé ẹ̀rọ náà ní àǹjọ̀nú ni. Kò ní. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ní àkọsílẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún àwòrán lásán, fún HDR10 àti fún Dolby Vision, tí àwọn méjèèjì jẹ́ oríṣi HDR. Ohun tí ẹ bá tò nígbà tí àwòrán lásán wà lójú rẹ̀ kò kan HDR. Ẹ gbọ́dọ̀ fi irú kọ̀ọ̀kan sí i, kí ẹ sì tún un tò nígbà tó ń lọ lọ́wọ́. Mo ti pàdé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí gba owó tí wọn kò mọ èyí, oníbàárà wọn á sì máa rò pé ẹ̀rọ òun ya wèrè.

HDR fúnra rẹ̀ ni ohun tó mú ìtàn alẹ́ ṣú. Àwòrán lásán, wọ́n parí rẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀ bíi nit 100 (nit ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ojú àwòrán). Tí ẹ bá gbé iná ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n sókè, gbogbo rẹ̀ á gbéra. Fíìmù HDR, lórí ojú tó lè tàn dé nit 1,000 tàbí 4,000 ni wọ́n ti parí rẹ̀, iye nit tí igun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní sì wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Tó bá ní kí abẹ́ igi yẹn má tó nit kan, tẹlifíṣọ̀n á fún un ní ohun tó bèèrè, ì báà jẹ́ agogo méjì ọ̀sán, kọ́tìnì ṣí sílẹ̀. Bí pálọ̀ Alhaji sì ṣe rí nìyẹn. Fèrèsé ńlá kan kọjú sí tẹlifíṣọ̀n gan-an. Nínú ibi tó ṣókùnkùn jù nínú fíìmù, mo ń ka irin fèrèsé náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun méjì mìíràn tún ń jẹ ìmọ́lẹ̀ náà. Ẹnì kan ti tan ètò tó ń ṣọ́ iná lò, ẹ̀rọ tó ń wo ìmọ́lẹ̀ yàrá náà sì wà lẹ́nu iṣẹ́. HDR nílò gbogbo iná ẹ̀yìn tó wà. Àwọn méjì yìí ń dín in kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo pa wọ́n, mo gbé Local Dimming, ètò tó ń dín iná ẹ̀yìn kù níbi tó yẹ nìkan, dé òpin kí ibi tó dúdú lè dúdú láìpa ibi tó ń tàn. Fún ọ̀sán, mo fi Dolby Vision sí Bright. Fún alẹ́, Dark. Alhaji ra kọ́tìnì tó nípọn. Gílóòbù kékeré kan wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n báyìí tó ń tan ògiri díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń pa iná àárín pálọ̀ tí fíìmù bá bẹ̀rẹ̀. Owó tó kéré jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni kọ́tìnì yẹn, mi ò sì rò pé ohun mìíràn ṣe tó o.

Ọ̀rọ̀ Netflix jẹ́ ti ọmọ wọn obìnrin tó wà ní yunifásítì. Ó ní Premium làwọn ń san owó rẹ̀, ètò kan ṣoṣo tí Netflix fi ń gbé 4K jáde, síbẹ̀ fíìmù ń rí bàìbàì. Mo wo fast.com, ibi tí wọ́n ti ń wọn bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára tó, lórí Wi-Fi ilé. Ní ọ̀sán, ó tó 25 Mbps, ìyẹn mẹ́gábíìtì 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí gbogbo àdúgbò ti wà lórí nẹ́tíwọọ̀kì, ó já sí 9. Netflix ní kí ilé ní 15 fún 4K, 5 sì tó fún 1080, àwòrán tí dọ́ọ̀tì rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ti 4K. Nítorí náà 4K kò lè dúró lálẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí mò ń rí kò tó 1080 pàápàá. Mo ní kó ṣí àkáǹtì rẹ̀ lórí fóònù, ibi tí wọ́n ti ń yan iye dátà tí fíìmù lè jẹ. Low ló wà níbẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló fi síbẹ̀ nígbà tó ń fi dátà tirẹ̀ wo fíìmù ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Low kì í jẹ ju bíi 0.3 GB lọ ní wákàtí kan, 4K sì lè jẹ 7. Ohun tó tó fóònù kò lè tó ínṣì 75.

“GB 14 fún fíìmù kan ṣoṣo?” ni Alhaji béèrè. “Ta ló fẹ́ máa san án?”

Ìbéèrè tó tọ́ ni. A fi sí Auto, kó máa mú ohun tí nẹ́tíwọọ̀kì bá gbé. Lójú tèmi, 1080 tó dúró ṣinṣin sàn ju 4K tó ń jábọ̀ ní gbogbo ìgbà lọ, pàápàá níbi tí wọ́n jókòó sí nígbà yẹn. Àga wọn fara ti ògiri òdìkejì, ó lé ní mítà mẹ́rin sí tẹlifíṣọ̀n. Lórí ínṣì 75, ojú tó dá ṣáká kò lè rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín 1080 àti 4K mọ́ tó bá ti kọjá bíi mítà mẹ́ta. Àwọn dọ́ọ̀tì mílíọ̀nù 8 yẹn wà níbẹ̀, ojú kò kàn lè mú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó kún ojú òun bíi ti sinimá, kó jókòó sí nǹkan bíi mítà 2.3 sí 3. Alhaji ní ẹ̀rọ náà á fọ́ ojú àwọn. Mo ní ó lè rẹ ojú, kò ní fọ́ ọ. A fa àga náà wá síwájú. A tún sọ tẹlifíṣọ̀n náà kalẹ̀, nítorí wọ́n ti gbé e kọ́ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi ń gbọ́rùn sókè wò ó. Ó yẹ kí àárín rẹ̀ sún mọ́ ibi tí ojú ẹni tó jókòó wà.

Ibi tí Alhaji ti bá mi jà ni ọ̀pá dúdú méjì tó wà lókè àti nísàlẹ̀ fíìmù. Wọ́n ní ínṣì 75 làwọn san owó rẹ̀, kí ló dé tí àwọn fi ń wo díẹ̀ nínú rẹ̀? Zoom ni wọ́n ti fi sí láti ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ọ̀pọ̀ fíìmù sinimá ni wọ́n yà ní fífẹ̀ tó jẹ́ ìlọ́po 2.39 gíga rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sì jẹ́ 16 sí 9. Lórí tiwọn, ọ̀pá dúdú kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12. Zoom ń gbé wọn kúrò nípa gígé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì, tí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin fíìmù náà á sì bá a lọ. Mo dá a dúró níbi tí obìnrin méjì ti ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan ní igun kan, èkejì ní igun kejì. Ní Zoom, ìdajì ojú ọ̀kan ló kù, a kò sì rí ẹnu èkejì. Alhaji gbà. Kò dùn mọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Àwọn yòókù kò gbà wá lásìkò. Dekódà wọn ṣì wà lórí wáyà yẹ́lò, pupa àti funfun, èyí tí kò lè gbé ju ìlà 576 lọ; a gbé e sórí HDMI, ó sì dára sí i, ṣùgbọ́n ohun tí tẹlifíṣọ̀n orí sátẹ́láìtì bá ti fún mọ́ ara kò sí bí a ṣe lè tú u. Fíìmù orí fláàṣì ni mo sọ òótọ́ rẹ̀ fún wọn gbangba. Fíìmù wákàtí méjì tó wà nínú 700 MB kò ní mẹ́gábíìtì kan pàápàá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 4K orí Netflix ń lo bíi 15, dísíìkì tó wá láti London sì lè kọjá 100. Àwọn VCD àtijọ́ tí Alhaja fẹ́ràn, dọ́ọ̀tì 352 ní ìbú, 288 ní òró: tẹlifíṣọ̀n yẹn gbọ́dọ̀ sọ dọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan di bíi 80. Kò sí ètò kan nínú mẹ́nù tó lè ṣe ìyẹn láìpurọ́. A bá wọn gbé tẹlifíṣọ̀n ínṣì 32 tí wọ́n ti pa tì sí yàrá Alhaja, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo VCD, wọ́n sì ní ó rí bó ṣe yẹ.

Bọ́ọ̀lù ni mo fi ìméfò yẹn sílẹ̀ fún, ní ìwọ̀nba. Alhaji fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, pápá kò sì ní ìtàn tó lè bà jẹ́. Mo tò ó sórí Sports, kó má bàa kan fíìmù.

Mo ní kí ọmọ wọn obìnrin ya fọ́tò gbogbo ojú ewé mẹ́nù náà sórí fóònù rẹ̀, nítorí pé bí ilé iṣẹ́ bá fi ètò tuntun ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n, ohun gbogbo lè padà sí bí wọ́n ṣe kó o wá. Ó sì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun ti tún àwòrán lásán àti HDR10 tò láti inú fọ́tò, ṣùgbọ́n Dolby Vision kò jáde nínú mẹ́nù. Mo ní kó kọ́kọ́ fi fíìmù tó ní Dolby Vision sí i kó tó ṣí mẹ́nù. Ó dákẹ́ díẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn fíìmù lẹ́yìn rẹ̀. “Ó ti yọ, bọ̀dá,” ló wí. “Dark àbí Bright?” Mo bi í bóyá wọ́n ti fa kọ́tìnì.